Bọ́ọ̀lù Tó Ń Gba Apá Òsì

Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọdún mọ́kàndínlógójì ló sì fi kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà ní kó máa rìn. Kò fẹ́ràn ìrìn tí kò níbi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí òun àti Bárbà, onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá píkùbọ́ọ̀lù: ẹni méjì níhìn-ín, ẹni méjì lọ́hùn-ún, àwọ̀n láàárín, pákó pẹlẹbẹ lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù oníhò tó fúyẹ́ bí èèpo ẹyin.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń na àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Lọ́dún yìí, àwọn ni wọ́n ń nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Káfíńtà lọ bá Tíṣà, obìnrin tó ń kọ́ni ní eré náà. Tíṣà kì í fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ gbé pákó síwájú àyà, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá fò kọjá lórí yín, ẹ má fẹ̀yìn rìn tọ̀ ọ́, ẹ yí padà kẹ́ ẹ tó sáré. Agbára kọ́ la fi ń borí. Ẹ rọra gbá a sí ẹ̀bá àwọ̀n."

"Orúnkún tẹ́ ẹ ní kí n tẹ̀ yìí, òun gan-an ni mo ń bẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lè dìde."

"Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tún nǹkan kan ṣe, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé e. Bí ilẹ̀kùn ò bá pa dé, kì í kàn gbé ìfági sí i. Ó máa ń wá ibi tó ti ń ha mọ́ férémù ni. Ó ya àwòrán pápá sórí àjákù pákó kan, ó sì ń fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá pàdánù. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pàdánù mẹ́tàlélógún. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló gba apá òsì Bárbà kọjá.

Káfíńtà rò pé ẹsẹ̀ Bárbà ló ń wúwo. Ó ní kí Bárbà bọ́ sí apá òsì pápá, níbi tí ìlà ẹ̀gbẹ́ ti máa dín ibi tó ń sáré dé kù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di méjìlélógún nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bárbà ò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù á kọjá, á ta nílẹ̀, ìgbà yẹn ló máa tó yíjú.

"Ṣó ò rí i ni?"

"Mo rí i. Mo fi í sílẹ̀ ni. Mo rò pé á jáde."

"Inú pápá gan-an ló bọ́ sí."

"Ẹ wo ẹni tó ń kọ̀wé sára igi! Lọ kan àga, jọ̀ọ́."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn.

Ní Wẹ́sìdeè, àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní pápá. Káfíńtà gbá ogún bọ́ọ̀lù sí apá ọ̀tún. Bárbà dá mọ́kàndínlógún padà. Káfíńtà wá gbá ẹyọ kan sí apá òsì. Bọ́ọ̀lù náà ṣìnà, ó lọ tààrà sí ẹ̀bátí òsì Bárbà. Ojú Bárbà ò ṣẹ́. Ìgbà tó bà á tán ló tó fò sókè.

"Ṣó o fẹ́ pa mí ni?"

Káfíńtà ṣa bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀. Ó ń rántí bàbá Bárbà, tí ojú rẹ̀ fọ́, tí wọ́n sì máa ń fà lọ́wọ́ káàkiri ilé kó tó kú. Ojú òsì ni tiẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀.

"Lọ rí dókítà ojú."

"Ojú wo?"

"O mọ èyí tí mò ń wí."

Bárbà gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Tó o bá sọ ọ́ létí ìyàwó mi, èmi àti ẹ ti parí nìyẹn. Ṣó o fẹ́ kí wọ́n gba abẹ lọ́wọ́ mi ni?"

Káfíńtà gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ Sátidé, ó gba ṣọ́ọ̀bù Bárbà lọ láti tún un sọ. Bó ṣe ń wọlé, oníbàárà kan ń jáde. Òwú wà létí òsì ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ín.

"Òun ló mira," ni Bárbà wí. "Jókòó. Ojú tó o ń bú yẹn ni màá fi fá irùngbọ̀n ẹ."

Káfíńtà jókòó. Bárbà so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, ó fi ọṣẹ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó fá apá ọ̀tún, ó mọ́ tónítóní. Ó bọ́ sí apá òsì. Nínú dígí, Káfíńtà rí bí Bárbà ṣe ń yí gbogbo orí ara rẹ̀ kó tó rí etí òsì òun. Abẹ náà dúró lófuurufú, ó ń wá ibi tó máa bà lé.

"Dúró ná. Fọwọ́ bo ojú ọ̀tún ẹ. Ìka mélòó ni mo nà sókè?"

Bárbà fọwọ́ bò ó. Ó na ọrùn síwájú. Fáànù ń yí lókè.

"Méjì."

Ọwọ́ Káfíńtà méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ.

"Àbí kì í ṣe méjì ni? Ọ̀rẹ́ mi, sọ̀rọ̀."

"Ṣé ìyàwó ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹ̀ lónìí?"

"Má ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́, má ṣe é."

Ẹnì kan ti ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè bóyá àyè wà.

"Àyè wà," ni Bárbà ké. "Ẹ wọlé, ẹ máa bọ̀."

Káfíńtà tú aṣọ náà lọ́rùn ara rẹ̀. Ó gba abẹ lọ́wọ́ Bárbà, ó pa á dé, ó sì fi sápò. Ó dìde, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó sì jáde, ó kọrí sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oògùn.