Ẹrẹ̀ Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ìyàwó

Ọ̀nà Bantè sí Savalou ní òórùn tirẹ̀ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá: òórùn ilẹ̀ pupa, ewé tó rà, àti epo ọkọ̀ gbígbóná. Bí mo bá gbóòórùn yẹn títí dòní, ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni mo máa ń rántí. Ó ku ọdún mélòó kan kí òmìnira dé, kò sì sí ọ̀dà lójú ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà a sì fi igi dábùú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ díẹ̀.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ló ń kó iṣu àti àgbàdo láti Gouka àti Lougba, bó bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹrẹ̀ wà, kò sí ẹni tí kì í lé sílẹ̀. Ó lé àlùfáà sílẹ̀ rí, ó lé ìyá tó bí i pàápàá. Àwọn èrò sọ ọ́ ní Ẹ-Sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ dé Savalou. Kò bínú sí i.

Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bàbá kì í sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Á ṣàdúrà, á jókòó sílé, àwọn obìnrin á sì mú ìyàwó lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìdílé ọkọ mi háyà kò dé, kò sì sí òmíràn ní Bantè lọ́jọ́ náà. Àbúrò bàbá mi obìnrin, àǹtí mi tó jẹ́ olórí àwọn tó ń sìn mí, yarí pé bàbá mi kò lè fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Bàbá mi ń nu gíláàsì ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní bàbá ìyàwó ń lọ? Awakọ̀ ni mí lónìí."

Òjò ká wa mọ́ ẹ̀bá Gouka. A jókòó síwájú igi ìdábùú náà títí oòrùn fi yẹ̀, ara àǹtí mi kò sì balẹ̀ mọ́, nítorí a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ìyàwó lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé igi kúrò, a rò pé bàbá mi yóò sáré. Ìrìn ìgbín ló ń rìn. Bí a ṣe dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Ìyàwó ńkọ́?" ni àǹtí mi bi í. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹrẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó tẹ̀ dé ilé ọkọ ni?"

"Òun gan-an ni kó kọ́kọ́ sọ̀."

Inú bí mi débi pé omi lé lójú mi. Mo ká aṣọ sókè dé orúnkún, mo tọ etí ọ̀nà lọ, ẹrẹ̀ sì gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi. A kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí àǹtí mi fi kígbe. Mo ṣí ìbòrí ojú mi. Ìdí ọkọ̀ tí bàbá mi ń wà bọ̀ lẹ́yìn wa ti yọ̀, ó ń bọ̀ ní ìbú, jẹ́ẹ́, láìpariwo. Bàbá mi kò tẹ ìjánu; ó ń darí imú ọkọ̀ sí ibi tí ìdí rẹ̀ ń yọ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi lọ fara ti bèbè. Àpótí aṣọ mi àti odó tuntun mi ya lu ibi tí mo jókòó sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la ti sọ̀. Òun nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo taya, ó ní ká wá ti ọkọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà nígbà tí a dé ilé ọkọ mi ní Savalou. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi tí yóò fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Ẹsẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n sábà máa ń bu omi sí. Tèmi pọ́n dé orúnkún. Ó rẹ́rìn-ín, ó wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ojú títì, níbi tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi igi ha ẹrẹ̀ lára taya.

"Ta nìyẹn?"

"Awakọ̀ ni," àǹtí mi yára dáhùn.

Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ kó tó wọlé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi ni."

Ìyá ọkọ mi gbé igbá, ó kọjá lára mi, ó lọ kúnlẹ̀ fún àna rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì da omi tó kù sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ń sún sẹ́yìn, ojú ń tì í.

Àǹtí mi bá mi wí títí pé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó bá kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń bá a gbélé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti bá mi gbélé láti ọjọ́ náà wá, n kò sì fẹ́ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀.