Ìdọ̀bálẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwọ̀n

Bàbá ọkọ mi ti Ìjẹ̀bú wá wo àkọ́bí wa ní Port Harcourt, ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn òmìnira. Ọmọ wù wọ́n. Ilé wù wọ́n. Ohun tí kò wù wọ́n ni pé bí ọmọ wọn bá ti báńkì dé nírọ̀lẹ́, á kó sínú ṣòkòtò péńpé funfun, á gbé rákẹ́ẹ̀tì, ó di pápá tẹníìsì. Wọ́n ní kí ni bàbá ọmọ ń fi bọ́ọ̀lù ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdíje ńlá dé sí ìlú. Àwọn òyìnbó tó ń fi tẹníìsì jẹun, tí wọ́n ń gbá a káàkiri ayé, ni wọ́n wá, wọ́n sì fàyè gba àwọn ará ìlú díẹ̀ láti bá wọn gbá a ní méjì-méjì. Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Kàlàbárì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọlé. Bàbá gbọ́, wọ́n ní àwọn máa wá fojú ara àwọn rí i.

"Bí mo bá rí i pé eré ọmọdé ni," ni wọ́n wí, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń béèrè omi, "igi aláwọ̀n yẹn á bá mi lọ sí Ìjẹ̀bú."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé àyà rẹ̀ ti já. Ta ló máa sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé rárá? Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní òun ò retí pé àwọn máa borí àwọn òyìnbó. Kí àwọn ṣáà jẹ géèmù kan ṣoṣo, kí Bàbá lè rí i pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá ní àwọn máa sùn díẹ̀ lọ́sàn-án kí àwọn tó wá. Mo pọn ọmọ, mo ṣáájú lọ pẹ̀lú aládùúgbò mi, obìnrin Ikwerre kan láti Rumuokwuta tí kò rí tẹníìsì rí. Mo ṣàlàyé fún un: ẹni méjì níhìn-ín, ẹni méjì lọ́hùn-ún, àwọ̀n láàárín, bí bọ́ọ̀lù tí o gbá bá lọ balẹ̀ lẹ́yìn ìlà, àmì di tàwọn kejì; àmì mélòó kan ló ń di géèmù, géèmù mẹ́fà ló ń di sẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó yé òun. Ó wo àwọn òyìnbó náà títí, ó ní itan wọn dára. Mo ní kó wo bọ́ọ̀lù. Èmi náà sì ń wo itan.

Ìyà ni wọ́n fi jẹ àwọn ọkọ mi. Kí n tó fún ọmọ lọ́yàn tán, kí n tó pọ̀n ọ́n padà, sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ti lọ, òdo. Ìkejì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òdo. Àfi ìgbà tó yá tí àánú Ọlọ́run dé, tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ó wá ku àmì kan ṣoṣo kí tiwa jẹ géèmù. Mo wo ẹnu ọ̀nà, Bàbá ò tíì dé.

Ọmọ Kàlàbárì gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n dá a padà, ó tún gbé e sókè fíofío. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n. Òyìnbó tó ga jù na apá sókè láti lù ú mọ́lẹ̀. Àsìkò yẹn ni Bàbá yọ lẹ́yìn mi nínú agbádá, wọ́n sì ki ọmọ wọn ní oríkì rẹ̀ ketekete, bí wọ́n ṣe máa ń kì í láàárọ̀ nílé.

Ara ọkọ mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, àyà lórí sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù tí ì bá bà á láyà ré kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó lọ balẹ̀ lẹ́yìn ìlà lọ́hùn-ún.

Gbogbo èrò dìde láti wò ó.

"Your husband don die?" ni aládùúgbò mi bi mí.

Mo ní rárá o, bàbá rẹ̀ ló ń kí. Adájọ́, òyìnbó arúgbó kan lórí àga gíga, wo ilẹ̀, ó wo Bàbá, ó ronú, ó sì kéde pé tiwa ló jẹ géèmù. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọyàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, búláòsì mi rin gbindin, ọmọ jí lẹ́yìn mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá bi mí bóyá àwọn tiwa ló jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní àwọn tiwa ni, sà. Wọ́n ká agbádá sí èjìká, wọ́n sún mọ́ ìlà. Nígbà tí òyìnbó tún na apá sókè, mo rí i tí Bàbá fa èémí sínú. Kí n tó lè yanu, wọ́n ti tún ki ọmọ wọn.

Ọkọ mi tún lọlẹ̀. Bọ́ọ̀lù yìí balẹ̀ sínú ìlà. Wọ́n pàdánù àmì yẹn àti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, torí Bàbá ò dákẹ́ mọ́. Nígbà tó parí, òyìnbó gíga náà wá síwájú Bàbá, òun náà na ara sílẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè réré. Bàbá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn pé kó dìde, ó ṣe dáadáa.

Láàárọ̀ tí wọ́n ń padà lọ, ọkọ mi, ọmọ rere, ti fi ìwé ìròyìn wé rákẹ́ẹ̀tì, ó ti gbé e lé orí àpótí Bàbá. Bàbá tú u, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n sì nà án sí ọkọ mi.

"Gba igi rẹ," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ kejì yẹn, o pẹ́ díẹ̀."