Ẹni Tí Bàbá Mi Dọ̀bálẹ̀ Fún

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Glenarden níbí, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, la ń gbé, torí bàbá mi ń kàwé ní yunifásítì ní College Park. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń juwọ́ sí mi látinú ọkọ̀ pé "Hi, Grandma," ẹ bá mi jókòó díẹ̀.

Màmá arúgbó kan, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí, ló múlé tì wá. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi fi àkàrà rán mi sí wọn. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ni mo kúnlẹ̀, bí ọmọ tí a kọ́. Kíá ni màmá fà mí dìde. Wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ fún èèyàn nínú ilé yìí."

Wọ́n nawọ́ sí àwòrán kan lára ògiri. Bàbá bàbá wọn ni. Inú oko ẹrú ni a ti bí bàbá náà, ní gúúsù. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó mọ̀wé kà, lẹ́yìn ogun tó dá ẹrú sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn aráàlú dìbò fún wọn, wọ́n sì di aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ tálákà ni wọ́n ń jà fún, títí àwọn jàǹdùkú fi fi ìbọn lé wọn kúrò nílùú. Bàbá wá búra pé ìran àwọn kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, bí ẹrú ṣe ń kúnlẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di méjì fún mi. Bí n kò bá kúnlẹ̀ fún àgbà, bàbá mi á bínú. Bí mo bá kúnlẹ̀, màmá tí mo fẹ́ràn lè má ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́. Mo bá ń sá fún màmá náà. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, mo rò pé ẹgba ló kàn, ṣùgbọ́n kóòtù àti táì ni wọ́n wọ̀, wọ́n mú mi lọ sílé màmá.

Wọ́n ṣàlàyé fún màmá pé lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ẹ̀rù ló ń mú ọmọ kúnlẹ̀, ilé tó ti jáde ló ń fi hàn. Wọ́n wá kọjú sí àwòrán náà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti táì lọ́rùn.

Màmá sunkún. Wọ́n ní, "Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá fi wà nílé aṣòfin, kò sẹ́ni tó dìde kí wọn rí."

Láti ọjọ́ náà, màmá gbà kí n máa kúnlẹ̀, àmọ́ Bàbá inú àwòrán ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í sì í ṣe sí búburú nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, èyí tó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn kiri láti tọrọ ìbò. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé wọn. Ọmọ tí a bí síhìn-ín yìí tẹ orúnkún fún wọn. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un. Bàbá náà wò ó, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n sì dìde dúró kí i.