Àwòrán Àárọ̀

Iṣẹ́ mi nílé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Sángo kò le, ó kàn ń tánni lókun ni. Mo máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń ṣọ́ àwọn tó ṣí àkọsílẹ̀ ọjà. Àwọn tó ń kọ nǹkan sí i kì í sábà yọ mí lẹ́nu. Àwọn tó ń kà á lásán ni mò ń ṣọ́.

Bí ènìyàn bá ṣí àkọsílẹ̀ láti kà, kọ̀ǹpútà á fi bí ọjà ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn hàn án, bí ìgbà tí wọ́n ya àwòrán. Ọkọ̀ lè kó ọjà jáde lẹ́yìn náà, ẹni tó ń kà á kò ní rí i. Àwòrán tirẹ̀ kì í yí padà títí yóò fi tì í. Ṣùgbọ́n nítorí tirẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní lè da ohun àtijọ́ nù. Á máa kó wọn jọ. Bí àyè inú kọ̀ǹpútà bá tán, ẹ̀rọ ẹnu géètì kò ní lè tẹ ìwé fún ọkọ̀ kankan mọ́, èmi náà kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ìjókòó títí àyè yóò fi padà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo rí i pé ojú ìwé kan ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀. Ti Alhaji ni, àgbà tó ń ṣírò ọjà. Wọ́n ti lọ kírun, wọ́n sì ti pa fóònù. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Kálámù wọn wà ní dídábùú lórí kíbọọ̀dù, bí àwọn òǹtajà àdúgbò wa ṣe máa ń gbé àga dí ẹnu ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá fẹ́ lọ kírun. Kò sẹ́ni tí í ré irú àga bẹ́ẹ̀ kọjá.

"Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kàn án o," obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ. "Bẹ́ ẹ bá tì í, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látòkè."

Mo láṣẹ láti já ojú ìwé náà kúrò láti orí kọ̀ǹpútà tèmi. N kò já a. Mo ń wo àyè tó ń dín kù, mo sì ń wo aago, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni ilé ìwé ọmọbìnrin mi máa ń tètè jáde. Ọmọ náà ní ikọ́ fée, n kì í sì í jẹ́ kó dá títì márosẹ̀ kọjá ní Ojú Ore. Ní àràárọ̀, bó bá ti ń wọ géètì ilé ìwé, mo máa ń ya á ní fọ́tò, kí n lè mọ ohun tó wọ̀. Ó kórìíra fọ́tò, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń ya.

Nígbà tí mo tún padà lọ sí ọ́fíìsì náà, Alhaji ti dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí ẹ̀ṣọ́! Kí ni mo jí? Mò ń kà á lásán ni."

"Alhaji, bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, wọ́n ti kó o lọ. Ẹ sì fẹ́ ti géètì pa mọ́ wa."

"Háà! Kí ló dé tẹ́ ò já mi?"

"Kálámù yín ńkọ́?"

Wọ́n wo kálámù náà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì ti ojú ìwé náà.

Kí àyè tó padà bọ̀ sípò, ilé ìwé ti jáde tipẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí ọmọ kankan lẹ́nu géètì ilé ìwé mọ́. Mo sáré lọ sí Ojú Ore, mo ń na fọ́tò àárọ̀ inú fóònù mi sí ẹni tí mo bá rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọ yìí? Ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé."

Aránṣọ kan wo fóònù náà dáadáa. "Rárá o. Mi ò rí oní súwẹ́tà kankan."

Ọlọ́kadà kan náà ní òun kò rí i. Mo rìn dé etí títì, mo ń wo àárín àwọn ọkọ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ "Mọ́mì!" lẹ́yìn mi. Ọmọ mi ló dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé èyí náà ni?" aránṣọ pariwo. "Ẹ̀yin lẹ ní súwẹ́tà! Aláṣọ funfun ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tó ń mumi."

"Ooru ń mú mi," ọmọ náà sọ. "Àsìkò ìsinmi ni mo ti bọ́ ọ. Mi ò sì kọjá títì, Mọ́mì. Mò ń dúró dè yín ni."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì aránṣọ, mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Èémí rẹ̀ kò dún fée. Bọ́tìnnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yíǹkì sì wà lápá kan.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń wò?"

"Ìwọ ni."

Mo pa fọ́tò àárọ̀ náà rẹ́, a sì dìde láti wá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Jóju, níbi tí ilé wa wà.