Ibi Ọmọ Tí Mo Lọ Hú

Ọrùn ọmọ náà ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo ti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú láti máa wẹ àbúrò rẹ, ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọ̀jọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ìlà kan ṣoṣo ló dábùú rẹ̀. Ọmọ tí mo ti wẹ̀ kò níye, n ò rí irú rẹ̀ rí.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìyá rẹ ni mo fura sí. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, n ò mọ ìdílé wọn. Kí ló jẹ nínú oyún? Ta ló ń bá rìn? Mo tún rò ó pé ẹnì kan ti jí ibi ọmọ tí bàbá rẹ fi ìkòkò sin sẹ́yìnkùlé gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́sibítù, mo mú ọkọ́. Ayálégbé kan yọjú lójú fèrèsé.

"Màmá, ẹ fẹ́ gbin iṣu ni?"

"Ẹ̀fọ́ ni. Padà sídìí ọbẹ̀ rẹ."

Mo kan ìkòkò náà. Ibi ọmọ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Kàkà kí ọkàn mi balẹ̀, ńṣe ni mo ní kí bàbá rẹ dá ìyàwó rẹ̀ padà sílé wọn, kó tó bí òmíràn.

Kò bá mi jiyàn. Ó kó gbogbo wa lọ bá dókítà. Ìyẹn ní nǹkan tíntìntín tí ara fi ń mọ ènìyàn máa ń pín sí méjì. Okùn tíntìntín tó ń gbé àbùdá wà nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà tó ń yẹ okùn náà wò kó tó pín. Èyí tí kò bá so dáadáa, wọ́n á tú u kí wọ́n tún un so. Ti ọmọ wa, okùn kan bọ́ mọ́ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ọmọ sì gba okùn kan lé; ìdí nìyẹn tí ọrùn rẹ̀ fi rọ̀, tí ìlà ọwọ́ rẹ̀ fi jẹ́ ẹyọ kan.

Mo ní, "Ta ló fún ẹ̀ṣọ́ náà ní rìbá?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́nì kankan, màmá. Oyún ò tíì dúró nígbà tó ṣẹlẹ̀. Kò sóhun tí ìyàwó yín jẹ tó fà á."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì láti ilé, ó fẹ́ ti ọ́sibítù gba gáréèjì ọkọ̀ lọ sílé wọn. "Màmá, ṣé kí n máa lọ?" Mo gbé báàgì náà rù, mo ṣíwájú, a jọ padà sílé.

Àbúrò rẹ ti ń dá wẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi wẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Á ní òun ń wá kànìnkànìn. Mo mọ̀ pé èmi ló ń ṣọ́. N ò bá a wí rí. Ẹni tí a fura sí láìṣẹ̀, kí la fẹ́ kó ṣe?