Kẹ́tù Tó Di Ẹsẹ̀ Táǹkì

Inú ilé wa ní Ìta Fàájì ni ọkọ mi Mùs'áb ti ń ṣiṣẹ́. Á yọ́ rọ́bà, á fi ẹ̀rọ tì í wọnú irin tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, tó bá tutù, ó ti di ẹsẹ̀ táǹkì ogun, ìyẹn táǹkì ìṣeré ńlá táwọn àgbàlagbà ń tò jọ.

Lánàá, ẹsẹ̀ aláwọ̀ ewé tí funfun ta sí lára ló ń jáde. Mo bi í pé:

“Níbo lẹ ti rí rọ́bà yìí?”

“Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Wọ́n dà á nù síbẹ̀ ni.”

“Lọ́jọ́ Alámísì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ládùúgbò yìí! Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sá kẹ́tù àlùwàlá sí, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán de Jímọ̀?”

Ó sáré pa ẹ̀rọ náà.

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́, wọ́n jáde láti yàrá wọn. Wọ́n mú ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń fi èékánná ha funfun ara rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ olóògbé ọkọ wọn sára àwọn kẹ́tù náà ni, nígbà tí wọ́n fi wọ́n ṣe sàárà fún mọ́ṣáláṣí.

Ohùn wọn ò sókè rárá. “Mùs'áb, gbogbo ẹni tó bá fi kẹ́tù yẹn ṣe àlùwàlá, láádá ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ. Táǹkì tó o ṣe yìí, ṣé ó máa ń kírun?”