Ànísátù àti Ajá Kékeré Tó Ń Họra

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ pàdé Ànísátù Àbẹ̀ẹ́bí nínú ọjà Grand Marché ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Áńkárá ni mo fẹ́ rà fún ìyàwó mi. Mo na ọwọ́ sí èyí tó wù mí, ó ní kí n dúró ná. Ó yẹ ọwọ́ mi wò, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì mú aṣọ ìnuwọ́ funfun kan lábẹ́ tábìlì, ó nà án sí mi. Ẹ̀pà ni mo ń jẹ bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo nu ọwọ́ mi tán ló tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ náà.

Bí mo ṣe ń lọ, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rán an o. Kò sí ohun tó mọ́ tó aṣọ tuntun láyé yìí. Inú ọ̀rá ló wà láti ilé iṣẹ́, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kàn án. Bí omi bá ti kàn án, dídán rẹ̀ lọ nìyẹn."

Baba rẹ̀ tó kó aṣọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún un, òun àti ìsọ̀ náà. Niamey ni wọ́n bí Ànísátù sí, kò sì sí ọjọ́ kan tó ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ baba rẹ̀, àfi ìgbà tí ajá kan dá sí i.

Ọdún kejì tí mo mọ̀ ọ́n ni ọ̀rọ̀ ajá náà ṣẹlẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Múdàṣírù, ní àdúgbò Talladjé ni Ànísátù ń gbé. Dúpẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ló gba yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì. Lọ́jọ́ kan, ibi iṣẹ́ ní kí Dúpẹ́ padà sí Ìbàdàn láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó di ẹrù rẹ̀ tán, ó ku ọmọ ajá olóṣù mẹ́ta kan nílẹ̀, nínú irú àwọn ajá onírun funfun tí kì í tóbi ju ológbò lọ bó ti wù kí wọ́n dàgbà tó. Bíńtín ni orúkọ rẹ̀.

Dúpẹ́ kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi mú un fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mo fẹ́ bá a ṣe ìwé ìrìnnà ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó di oṣù méjì. Dúpẹ́ ń pè lórí fóònù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń kúrú sí i.

Ànísátù ní òun kò fẹ́ràn ajá. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ọjà, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ajá náà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó to ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Abọ́ ajá kò gbọdọ̀ kan abọ́ ènìyàn. Aṣọ tó fi ń kírun wà lórí ìṣó gíga tí ajá kò lè dé. Ní ti ibùsùn, ó gé áńkárá tuntun láti ara ìgàn aṣọ, ó tẹ́ ẹ sínú páálí, ó sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọ ènìyàn tí kò sùn lórí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Niamey.

Kò pẹ́ tí ajá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí họra. Ó ń lá ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí irun ibẹ̀ fi pọ́n bí ìpẹ́pẹ́ idẹ. Ó ń fi àgbọ̀n gbo ilẹ̀. Ikùn rẹ̀ pọ́n, abíyá rẹ̀ pọ́n.

Múdàṣírù wò ó láti orí àga rẹ̀. "Kúrúnà ni. Epo ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ni oògùn rẹ̀. Fi pa á lára."

"Bùọ̀dá, ajá tó ń lá ara rẹ̀ látàárọ̀ ni kí n fi epo ọkọ̀ pa lára?"

"Mi ò ní kó mu ún."

"Yóò mu ún."

"A jẹ́ pé inú rẹ̀ náà á gba oògùn."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá lo ìsinmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n dé. "Àbẹ̀ẹ́bí," ó ní, "bí ajá yìí bá ṣì ń họra lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá dé, oko Ìdrìsù ló ń lọ. Kúrúnà kò ní ràn mọ́ ọmọ nínú ilé mi."

Màlúù ni Ìdrìsù ń sìn. Àwọn ajá tó ń ṣọ́ màlúù rẹ̀ ga dé ìbàdí ènìyàn, wọn kì í sì í jẹun ní abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bíńtín kò ju bàtà ọkùnrin kan lọ. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé.

"Mi ò kúkú fẹ́ràn ajá," ni Ànísátù wí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú baba rẹ̀, ó sì gbé ajá náà lọ bá dókítà ẹranko ní Harobanda, ní òdìkejì odò.

Takisí méjì àkọ́kọ́ kò gbé ajá. Ó gbé Bíńtín sínú àpò ọjà, ó fi aṣọ bò ó lórí, ó sì dá ẹ̀kẹta dúró.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni awakọ̀ fi èdè Zarma bi í.

"Áńkárá."

Wọ́n dé àárín afárá Kẹ́nẹ́dì, àpò náà sín. Awakọ̀ wo dígí. Ànísátù wo odò. Àpò náà tún sín.

"Áńkárá yín ní òtútù, Hajiya."

"Eruku ni," ni Ànísátù dáhùn, ó sì jẹ́ kí ó rí owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Abdoulaye ni orúkọ dókítà náà, ọkùnrin onísùúrù tó máa ń fọ ọwọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ànísátù kíyè sí ìyẹn, ó sì fọkàn balẹ̀. Dókítà fi ọ̀bẹ ha awọ ajá náà díẹ̀, ó fi ohun tó rí sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó wò ó pẹ́. Ó ya irun rẹ̀ wò láti ọrùn dé ìrù.

"Kò sí kòkòrò kúrúnà níbí. Kò sí eégbọn. Kò lè ran ẹnikẹ́ni. Alẹ́rújì ni, Hajiya. Ohun kan wà tí ara rẹ̀ ń kọ̀. Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ eruku, ó lè jẹ́ ohun tó ń fara kàn. Àwọn ajá kékeré báyìí, awọ wọn kì í gba ìyà. Kí ló ń jẹ?"

Ànísátù ka oúnjẹ náà: ẹran màlúù, adìyẹ, wàrà, búrẹ́dì, ẹyin lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Ó jẹun jù mí lọ," ni dókítà wí. "Ìrẹsì àti ẹja nìkan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Orí kí ló ń sùn?"

"Orí aṣọ tó mọ́."

"Ó dáa." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún un ní ọṣẹ kan, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fún ajá ní oògùn ènìyàn láé. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí Ànísátù fẹ́ràn jù: "Ẹ má yí ju ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà, tí ara rẹ̀ sì yá, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, láti ìgbà tó bá kírun Àsárì tán títí di Mọ̀gàríbì, ó ń ka iye ìgbà tí Bíńtín họra, ó sì ń kọ ọ́. Méjìlélógún. Mọ́kàndínlógún. Mẹ́tàlélógún. Ẹja kò yí nǹkan kan padà. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Múdàṣírù ní márùn-ún, ajá náà sì ń họra bí ẹni tí kò gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Ànísátù pinnu pé ìmọ́tótó òun kò tíì tó. Dípò kó máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì, tuntun láti inú ọ̀rá. Kò kọ ìyẹn sínú ìwé ní ẹ̀gbẹ́ àwọn àyípadà. Lójú tirẹ̀, ìmọ́tótó kì í ṣe àyípadà.

Ọgbọ̀n. Mẹ́rìndínlógójì.

"Ajá rẹ yìí," ni Múdàṣírù wí, "lọ́jọ́ tí kò bá họra, a ó rò pé ó ti kú ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹbí wọn kan kú ní Dosso, Ànísátù sì ní láti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé Bíńtín fún Hàdìzà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, tó ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìsọ̀ kejì sí tirẹ̀. Ó gbé ẹja fún un, ó gbé ìrẹsì, ó di aṣọ ibùsùn tuntun méjì, ó sì kọ gbogbo ìlànà sí bébà kan.

Nígbà tó padà dé, Bíńtín ń sùn nílé Hàdìzà. Kò họra. Ó jí, ó mi ìrù, ó na ara, kò họra. Ànísátù jókòó, ó kà láti Àsárì dé Mọ̀gàríbì. Mẹ́rin péré.

Inú rẹ̀ dùn. Ó sì tún ń bí i.

"Kí lo fún un jẹ?"

"Ìrẹsì àti ẹja, Àǹtí. Bébà yín ni mo tẹ̀ lé."

"Ọṣẹ wo lo fi wẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò wẹ̀ ẹ́ rárá."

"Ó mọ̀ ẹ́ ju èmi lọ ni?"

"Ah ah! Àǹtí, ajá ni ẹ ń jowú lé lórí?"

"Ta ló ń jowú? Orí kí ló sùn?"

Hàdìzà sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Wàlláhì, ẹ má bínú. Mo gbàgbé aṣọ tuntun yẹn sí ìsọ̀. Ìró mi àtijọ́ ni mo tẹ́ fún un."

Ànísátù wo ìró náà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ débi pé òdòdó ara rẹ̀ ti di ìrántí òdòdó. Ó gbé ajá rẹ̀ lọ sílé, ó tẹ́ aṣọ tuntun sínú páálí bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó kà: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ìgbà yẹn ló ṣí ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ó mọ ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan tó pààrọ̀ aṣọ. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ajá náà họra jù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì, ìsinmi kò sí mọ́. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí ìwé náà kò lè purọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ó bu omi sínú ọpọ́n. Ó mú áńkárá tuntun kan, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì rì í sómi.

Omi náà kọ́kọ́ funfun bí omidùn ògì. Sítáàṣì ni. Lẹ́yìn náà ló di aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó dà á nù, ó bu òmíràn. Ìgbà kẹrin ni omi tó wà bí omi.

Múdàṣírù dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àbẹ̀ẹ́bí, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń fọ aṣọ."

"Aṣọ tuntun?"

"Aṣọ tuntun."

Ó fa àga, ó jókòó. "Bí Baba bá wà láyé ńkọ́?"

"Baba kò sin ajá."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ dé. Kò yí nǹkan mìíràn padà. Mẹ́rìnlá. Mẹ́jọ. Márùn-ún. Ó gbé Bíńtín lọ sí Harobanda, dókítà sì wo ikùn rẹ̀, abíyá, àgbọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ibi tí irun kò pọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ibi tó ń kan aṣọ. Hajiya, mo bi yín léèrè ibùsùn."

"Mo sì dá yín lóhùn."

"Aṣọ tó mọ́ lẹ wí."

"Ó mọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe àìsàn tó ń lọ pátápátá. Ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Kó máa nu ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ti ìta wọlé, kó sì mọ̀ pé eruku ọyẹ́ lè tún dá a sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń retí pé. Àwọn ọmọ dé, wọ́n jẹun, wọ́n yí Bíńtín ká. Múdàṣírù wọ bùbá ṣáàdà tuntun tí télọ̀ gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, aṣọ tó le gbagidi bí páálí, láti ìsọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀, ó gbé àga síwájú ajá náà, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ànísátù jókòó sí òdìkejì pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Wákàtí kan kọjá. Wákàtí kejì ń lọ, Bíńtín gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ó sì họ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó họra!" ni Múdàṣírù kígbe. "Gbogbo yín rí i! Ó họra!"

Ànísátù wo inú ìwé. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bùọ̀dá. Ẹ̀yin ti họ ọrùn yín nígbà mọ́kànlá láti ìgbà tí ẹ ti jókòó. Mo ń kọ ọ́. Ṣé kí n ránṣẹ́ pe Ìdrìsù?"

Ọwọ́ Múdàṣírù ti tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Etí bùbá náà ti fa ìlà pupa sí i lọ́rùn yíká. Àwọn ọmọ ń wò ó. Ó ka tẹ̀súbáà rẹ̀ parí, ó dìde, ó wọlé, ó sì wọ bùbá àtijọ́ jáde. Kò dárúkọ oko Ìdrìsù mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ànísátù rí bùbá ṣáàdà náà nínú ọpọ́n, nínú omi.

Dúpẹ́ kò ṣe ìwé ìrìnnà kankan. Ó ní kí Àǹtí kúkú fi ajá náà ṣe tirẹ̀. Àǹtí ní òun kò fẹ́ràn ajá, ó sì fún Hàdìzà ní áńkárá tuntun kan, ó fi gba ìró àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìsọ̀ kan náà ni Ànísátù ṣì wà ní Grand Marché, aṣọ ìnuwọ́ náà sì wà lábẹ́ tábìlì. Bí obìnrin kan bá ra aṣọ tí yóò fi pọn ọmọ, yóò ní kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó lò ó. Bíńtín ti pé ọdún mẹ́rin. Talladjé ló wà, orí ìró Hàdìzà ló sì ń sùn.